Fọ́tò Kọ́ Ni Yóò Fẹ́ Mi

Ẹni tó bá rò pé ọmọ púlọ́ńbà kì í bẹ̀rù omi kò tíì pàdé Télọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tún páìpù ṣe fún gbogbo àdúgbò, iṣẹ́ omi ló fi tọ́ ọ, iṣẹ́ omi ló fi rán an níléèwé, síbẹ̀ bí omi bá ti kọjá orúnkún ọmọbìnrin yìí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Nígbà tó dàgbà, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ti ń rán aṣọ iléèwé, tí gbogbo èèyàn sì ti mọ̀ ọ́n sí Télọ̀, ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lójú. Ó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba, ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wẹ̀.

Olùkọ́ wọn níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òmùwẹ̀. Ó ga, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, kì í jágbe mọ́ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Télọ̀ di irin etí adágún mú bí ẹni tó di àpò rẹ̀ mú láàárín èrò, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí kíláàsì fi parí tí àwọn yòókù sì ti lọ pààrọ̀ aṣọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Òmùwẹ̀ wí. “Irin yẹn ò ní sá lọ.”

“Èmi náà ò ní sá lọ,” ni Télọ̀ dá a lóhùn, “àmọ́ mi ò ní fi í sílẹ̀.”

“Kò burú. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Mò ń ránṣọ.”

“Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́, ṣé kò gún yín ni?”

“Ó gún mi dáadáa.”

“Ẹ wá sá fún un?”

Télọ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀rín náà tú ìka rẹ̀ kan kúrò lára irin, lẹ́yìn náà ó tú ìkejì. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí Télọ̀ kọ́kọ́ léfòó láìdi nǹkan kan mú, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè pa ẹnu dé. Òun àti Òmùwẹ̀ jókòó sí etí adágún, ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi, ó sì ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún un.

“Bí Bàbá mi bá lẹ páìpù tán, wọn kì í sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n á ní kí èmi lọ dúró nídìí táàpù ńlá tó wà níta. Àwọn fúnra wọn á fọwọ́ bo ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, wọ́n á wá pariwo pé, ‘Ṣí i!’ Èmi á ṣí i. Bí omi bá kọjá tí ọwọ́ wọn ò sì rin, wọ́n á tún pariwo pé, ‘Ó gbẹ!’ Èmi á dáhùn pé, ‘Mo gbọ́ o!’ Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn wa.”

“Tó bá wá jò ńkọ́?”

“Ojú wọn ló máa ń fọ́n sí. Wọ́n ní ẹni tó bá tún nǹkan ṣe tí kò lè dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ṣí omi, olè ni.”

Òmùwẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ rú omi.

“Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún yín kí ọ̀rọ̀ wa tó jìnnà,” ni ó wí. “Lọ́dún tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sómi níbí yìí ni, orí kàn fọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí àrá sán sínú ẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n gbé mi jáde. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ mi ló ti wú síta bí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó sì bẹ́.”

Télọ̀ wo orí rẹ̀. Kò rí àpá kankan.

“Wọn ò la orí mi. Inú iṣan tó wà ní itan ni wọ́n ti ti rọ́bà tín-ín-rín kan lọ sókè títí dé ọpọlọ, wọ́n wá fi wáyà tó tín-ín-rín bí òwú dí ibi tó wú náà látinú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wọ ibẹ̀ mọ́.”

“Bí ìgbà téèyàn bá ki òwú sínú tìmùtìmù.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibẹ̀ ò tíì dí tán. Ó ku bíńtín níbi ọrùn ẹ̀. Dókítà ní ká máa ṣọ́ ọ, wọ́n á tún ya òmíràn. Bó bá ti dí, ó parí. Bó bá ń tóbi sí i, wọ́n á tún padà wọlé, wíwọlé yẹn sì léwu.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ fún mi?”

“Torí pé ọjọ́ kíláàsì yín ni mo máa ń wojú ọ̀nà ẹ̀ jù.”

Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì, ó sì gbéra lọ. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó rán apá òsì méjì sára ẹ̀wù kan ṣoṣo, kò sì mọ̀ àfi ìgbà tó gbé e sókè. Ó jókòó, ó ń tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí ni, àbí mo fẹ́ràn rẹ̀? Bó bá jẹ́ àánú ni, kí ló dé tí mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ariwo máṣíìnì? Bó bá sì jẹ́ ìfẹ́ ni, ṣé orí mi pé báyìí? Ó tú apá òsì yẹn tán, ó rán òmíràn, apá òsì náà ló tún rán. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àánú.

Oṣù ń yípo. Télọ̀ mọ̀wẹ̀ dé àárín adágún, Òmùwẹ̀ sì di ẹni tó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ló ń já. Nígbà tó yá, Télọ̀ mú un lọ sílé. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nítorí ó jẹun tán, ó tún kó abọ́ lọ fọ̀ ní ilé ìdáná. Bàbá náà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi adágún títí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun lórí àga. Lẹ́yìn náà ni Òmùwẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kalẹ̀, nítorí ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Bàbá tẹ́tí sí i bí ẹni tí wọ́n pè wá wo ilé tó ń jò.

“Dúró ná. Ṣé wọ́n pààrọ̀ ibi tó wú yẹn?”

“Rárá, sà. Wọ́n dí i látinú ni.”

“Ó ṣì ń gbà díẹ̀ sínú?”

“Ohun tí fọ́tò àkọ́kọ́ sọ nìyẹn, sà.”

Bàbá mirí, ó dúpẹ́ pé Òmùwẹ̀ wá, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, kò tiẹ̀ jókòó.

“Ọmọ dáadáa ni. Mi ò sì gbà.”

“Kí ló ṣe ọmọlọ́mọ?” ni Màmá wí bó ṣe ta jí.

“Páìpù tó bá ti wú lójú kan, ara ìyókù ẹ̀ ò le mọ́. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ti wí i, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi di opó kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìyàwó ni?”

“Bàbá, èèyàn kì í ṣe páìpù,” ni Télọ̀ wí.

“Mo mọ̀. Páìpù ṣeé pààrọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Télọ̀, ó sì dùn ún jù nítorí ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló sọ ọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó sunkún dáadáa, ó sì jáde wá fọ abọ́ tí Òmùwẹ̀ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bàbá ní àbúrò obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú iṣan ní ọsibítù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè é. Bàbá lọ bá a.

“Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn dáadáa, kó o wá sọ fún mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi kì í ṣe táàpù,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dáhùn. “Ẹ ò lè wá yí i kó máa dà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n ṣe alárinà, màá ṣe é. Amí ni mi ò ní ṣe.”

Bàbá fajú ro, àmọ́ ó rán an. Iṣẹ́ tó rán an ni pé kí fọ́tò kejì jáde ná. Bó bá mọ́, òun gbà. Bí kò bá mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ ọkùnrin náà létí òun mọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún Télọ̀, ó sì jẹ́ ẹ fún Òmùwẹ̀. Ohun tó ya Télọ̀ lẹ́nu ni pé Òmùwẹ̀ faramọ́ ọn.

“Bàbá ẹ ò jẹ̀bi,” ni ó wí nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tí kò mú aṣọ wá. “Jẹ́ ká dúró. Bó bá mọ́, màá wá pẹ̀lú ìdùnnú. Bí kò bá mọ́, kó o máa lọ tìẹ, mi ò ní bínú.”

Télọ̀ gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó ti ń retí pé ọkùnrin yìí yóò jà fún òun, àṣé ọ̀dọ̀ bàbá òun ló ti lọ tò.

“Ìwọ àti Bàbá ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí mi, àbí? Fọ́tò kọ́ ni yóò fẹ́ mi! Bí mo bá dúró de fọ́tò kí n tó gbà, fọ́tò ni mo gbà fún, mi ò gbà fún ẹ. Bí tọdún tó ń bọ̀ bá wá sọ nǹkan mìíràn ńkọ́? Ṣé kí n di ẹrù mi ni?”

“Mi ò fẹ́ kó o jìyà nítorí mi.”

“Ta ló sọ fún mi pé irin ò ní sá lọ? Irin ò sá o, olùkọ́ ló ń sá.”

Òmùwẹ̀ wo ilẹ̀. Omi lé sí i lójú, kò sì nù ún.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí,” ni ó wí. “Kì í ṣe ti orí mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá gbà, ara á wá kọ̀ mí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ̀rù omi ṣì ń bà mí títí dòní, mo sì ń wọ̀ ọ́.” Télọ̀ gbé orí sókè. “Mo gbà láti fẹ́ ẹ. Lónìí yìí, kí wọ́n tó ya nǹkan kan. Kí ni ìwọ wí?”

“Ṣé mo ti bi ẹ́ ni?”

“O ti ń pẹ́ jù.”

Òmùwẹ̀ bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, ó wọlé tán wàyí, ó sì jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Ó ní òun náà gbà.

Ó wá ku Bàbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ fọ́tò, Télọ̀ bá a nílé oníbàárà kan, ó nà gbalaja sábẹ́ báàsìn ìfọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń na sípánà sí i bó ṣe máa ń ṣe nígbà kékeré.

“Bàbá, mo ti sọ fún un pé mo gbà.”

Iṣẹ́ dúró lábẹ́ báàsìn. “Láìrí fọ́tò?”

“Láìrí fọ́tò. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé ẹni tó bá tún nǹkan ṣe tí kò lè dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ṣí omi, olè ni. Lọ́la, wọ́n á ṣí omi sí i nínú orí ọkùnrin tí mo fẹ́. Ọwọ́ mi á wà níbẹ̀. Mi ò ní dúró sẹ́yìn ilé kí n máa bèèrè pé ṣé ó jò.”

Bàbá ní kó na sípánà kékeré sí òun. Télọ̀ nà án sí i, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wọ aṣọ ọsibítù fún Òmùwẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn onítáyà sẹ́nu ọ̀nà yàrá fọ́tò. Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń tún ṣàlàyé bí yóò ṣe rí: wọ́n á gba itan rẹ̀ wọlé bíi ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi oògùn tó ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn sí i, orí rẹ̀ á gbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó má sì mira rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ìró irin nínú àpò. Bàbá ló ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti àpò irinṣẹ́ léjìká.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí, “kò sí táàpù tó bàjẹ́ níbí o.”

Bàbá lọ dúró ti ibùsùn.

“Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ má bínú pé mi ò lè dìde.”

“Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí ni fọ́tò wí?”

“Wọn ò tíì yà á, sà.”

“Ó dáa. A jẹ́ pé mi ò pẹ́ dé.” Bàbá gbé àpò kalẹ̀. “Mo ti fún ẹ ní ọmọ mi. Máa wọlé lọ.”

Òmùwẹ̀ fẹ́ gbé orí. “Bàbá, ṣé ẹ ò ní dúró de èsì ni?”

“Èsì kọ́ ló gbé mi wá. Lánàá, mo wà lábẹ́ báàsìn, mo rí i pé ó ku díẹ̀ kí n di olè nílé ara mi.” Ó yíjú sí Télọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. “Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ jù yìí, wàhálà ni.”

Télọ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, tòun ti òórùn páìpù àti gírísì. Wọ́n ti Òmùwẹ̀ wọlé, ìlẹ̀kùn sì padé.

Ìdúró náà gùn. Télọ̀ ò lè jókòó. Bàbá náà ò jókòó. Nígbà tó yá, ó lọ sí ara ògiri yàrá fọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Télọ̀ mọ ìdúró yẹn dáadáa. Òun náà lọ dúró tì í, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì ń wò wọ́n bí ẹni tí ògiri fẹ́ wó lù.

Dókítà tó jáde wá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ojú rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Ó ní Òmùwẹ̀ ti ní kí wọ́n fi hàn wọ́n. Ó mú wọn lọ síwájú ẹ̀rọ kan tí fọ́tò méjì wà lójú rẹ̀. Nínú fọ́tò àtijọ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dúdú pín káàkiri bí ẹ̀ka igi tí ewé rẹ̀ ti rẹ̀, nídìí ẹ̀ka kan sì ni kókó dúdú kékeré kan wà bí ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá tẹ orí wo ti ọjọ́ náà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

“Dókítà, mi ò rí wáyà tí wọ́n kì síbẹ̀ nínú èyíkéyìí. Ṣé ó ti sọnù ni?”

Télọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

“Kò sọnù, Bàbá,” ni dókítà wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ẹ̀rọ yìí máa ń kọ́kọ́ ya orí kí oògùn tó wọ ibẹ̀. Ó máa wá yọ gbogbo ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, àti eegun àti wáyà. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nìkan ló ń kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń wọ ibi tó wú, ẹ ó rí i ní dúdú bíi ti fọ́tò àtijọ́. Ẹ wá wo tòní. Kí lẹ rí níbẹ̀?”

“Mi ò rí nǹkan kan.”

“Àìrí yẹn gan-an la ń wá. Bíńtín tó kù ti dí fúnra ẹ̀. A ò ní padà wọlé. A ó ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò ní kí wọ́n má ṣègbéyàwó.”

Télọ̀ gbá ẹnu mú. Bàbá fi ìka kan ojú ẹ̀rọ níbi tí kò ti sí nǹkan kan yẹn, ó wo ìka náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó rin. Lẹ́yìn náà ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orí sókè, ó sì fi ohùn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pariwo.

“Ó gbẹ!”

Ó dún dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Télọ̀ la ẹnu láti dáhùn bó ṣe ń ṣe láti kékeré, àmọ́ ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìdáhùn ti wá, láti ẹnu ẹni tó nà sẹ́yìn gbalaja, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé orí tàbí kó ká ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

“Mo gbọ́ o!”

“Mo ní kó o má gbé orí!” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì jágbe.

“Mi ò gbé e, Àǹtí. Ẹnu ni mo là.”

Bàbá jókòó sórí àpò irinṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Télọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé iwájú orí Òmùwẹ̀.

“Ta ló ní kó o dáhùn? Iṣẹ́ mi nìyẹn.”

“Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́,” ni Òmùwẹ̀ wí. “O ò gbọ́ ni?”

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí. Títí dòní, bí Bàbá bá lẹ páìpù nílé ẹnikẹ́ni tó sì ké pé ó gbẹ, ohùn méjì ló ń dá a lóhùn láti ìdí táàpù ńlá, ti Télọ̀ ló sì máa ń ròkè jù.